Àyè Tí Wọn Kò Jẹ́ Kí N Fi Sílẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ máa ń wá jókòó síwájú ilé mi ní Ìdímù, tí ẹ ń bi mí bóyá iṣẹ́ kíkọ ohùn sílẹ̀ ṣì dára láti kọ́, ẹ má bínú pé mo máa ń lé yín lọ. Kì í ṣe ẹ̀yin ni mò ń bá jà. Inú ló ń bí mi, ó sì ti pẹ́ tó ti ń bí mi. Lónìí mo ti kírun, mo ti jẹun, ẹ jókòó kí n sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ọ lè mọ ohun tó ń tọrùn bọ̀. Ẹni tó bá sì fẹ́ já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ mi lẹ́nu, kó lọ ra omi tútù kó máa mu ún.

Sìdíkátù lorúkọ mi. Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti bí mi, àmọ́ Ìdímù ni mo gbó sí. Iṣẹ́ tí mo ṣe láti ìgbà ọmọge títí irun fi funfun kò ju ọ̀kan lọ: ẹnìkan á sọ̀rọ̀ sínú ẹ̀rọ, èmi á gbọ́ ọ, màá sì sọ ọ́ di ìwé. Ìpàdé ẹbí, ìpàdé onílé, ìwàásù, ìpolówó ọjà, ọ̀rọ̀ àwọn tó ń pín ogún, kò sí èyí tí a kì í kọ. Bí mo ṣe rí iṣẹ́ náà kò gùn rárá. Ẹ̀gbọ́n mi mú mi lọ, wọ́n ní kí n ka nǹkan sókè, mo kà á, wọ́n ní kí n máa bọ̀ lọ́la. Owó rẹ̀ náà sì wà níbẹ̀, ó bọ́ wa, ó tán.

Ọ̀gá tí mo kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ wọn ni Alàgbà Àjàyí, ará Èkìtì, tíṣà tẹ́lẹ̀ rí, tó fi òwú so ẹsẹ̀ gíláàsì ojú wọn pọ̀ tí kò sì pààrọ̀ rẹ̀ títí wọ́n fi kú. Ẹ̀yìn ọjà Ìdímù ni ṣọ́ọ̀bù wọn wà. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé méjì ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú rédíò kásẹ́ẹ̀tì kan tí wọ́n máa ń da aṣọ bò bí ọmọ tuntun. Ọ̀gá yìí le. Ó pẹ́ gan-an kí wọ́n tó jẹ́ kí n fọwọ́ kan ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Kí n máa gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì ṣá, kí n máa dá a padà, kí n tún gbọ́ ọ. Wọ́n ní etí ló ń ṣe iṣẹ́ yìí, pé ọwọ́ kàn ń bá a ru ẹrù ni.

Ọjọ́ tí mo tẹ ìwé àkọ́kọ́, jẹnẹrétọ̀ ké bo ọ̀rọ̀ kan mọ́lẹ̀ nínú kásẹ́ẹ̀tì, mo bá fi ọgbọ́n orí mi dí i. Ọ̀gá ka ìwé náà, wọ́n gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì, wọ́n yọ gíláàsì ojú wọn.

"Sìdíkà, ṣé o wà ní ìpàdé yìí ni?"

"Rárá, sà."

"Ta ló wá sọ ohun tí wọ́n sọ níbí fún ọ?"

"Ọ̀gá, mo rò pé..."

Wọn kò jẹ́ kí n parí rẹ̀. Wọ́n fa ìwé náà ya sí wẹ́wẹ́, wọ́n kó o lé mi lọ́wọ́. "Bí o bá gbọ́, kọ ọ́. Bí o kò bá gbọ́, fi àyè sílẹ̀. Bí o bá rò pé o gbọ́, àyè náà ni kí o fi sílẹ̀." Wọ́n fi àtàǹpàkò wọn wọn bí àyè náà ṣe gbọ́dọ̀ gùn tó hàn mí lórí ìwé tuntun. Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn, mo sì ṣépè fún wọn nínú ọkàn mi, kí Ọlọ́run dárí jì mí.

Ní ti orúkọ, wọ́n tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀yin náà mọ̀ wá: ta ló ń pe àgbàlagbà lórúkọ nílẹ̀ yìí? Ìyá Ṣadé, Bàbá Onílé, Ẹ̀gbọ́n Pupa, Bàbá Ìbejì. Ìyàwó ilé kò sì gbọdọ̀ pe orúkọ àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀, kódà bó jẹ́ ọmọ tí wọ́n bí ṣáájú ọjọ́ tó wọlé. Báyìí ni gbogbo kásẹ́ẹ̀tì ṣe máa ń kún fún àpèlé. Òfin ọ̀gá ni pé bí wọ́n ṣe pè é ni ká ṣe kọ ọ́. Bí oníbàárà bá fẹ́ mọ ẹni tó jẹ́, a ó lọ bi ẹni tó sọ ọ́. Wọ́n rán mi lọ sí Ìgàndó nínú òjò rí, nítorí orúkọ ẹyọ kan. Ìyàwó ilé tí mo lọ bá wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sọ ọ́ sí mi létí, ó ní kí n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ pé ẹnu òun ló ti jáde. Ẹrẹ̀ bò mí dé orúnkún nígbà tí mo padà dé. Ẹ̀pà lọ̀gá ń jẹ. "Ó dáa," wọ́n ní, ó tán. Wọn kò tilẹ̀ fún mi lẹ́pà.

Ẹ jẹ́ kí n sáré kọjá lórí àwọn ẹ̀rọ. Kọ̀ǹpútà dé, ọ̀gá bú u, wọ́n sì rà á. Kásẹ́ẹ̀tì kú, àwọn èèyàn wá ń fi fóònù ká ohùn wọn ránṣẹ́. Irú ohùn wo nìyẹn? Adìyẹ ń ké nínú rẹ̀, ẹnìkan ń gúnyán lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n á ní ká kọ ọ́. A kọ ọ́. Nígbà tí ọ̀gá kú, ọmọ wọn ta ṣọ́ọ̀bù fún ilé-iṣẹ́ kan tó wà ní Ẹ̀gbẹ́dá, wọ́n sì kó àwa òṣìṣẹ́ mọ́ ọn bí ìgbà tí a bá ta ilé mọ́ àwọn ayálégbé inú rẹ̀. Mo bẹ ọmọ náà pé kó fún mi ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bàbá rẹ̀ kan. Ó ní kí n gbé e, pé ta ló tún nílò rẹ̀. Ó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi títí dòní.

Ní Ẹ̀gbẹ́dá, ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Kúnlé ni wọ́n fi ṣe olórí wa. Ọmọ dáadáa ni, kò ní ìgbéraga, Mọ́mì ló ń pè mí. Òun ló fi ẹ̀rọ tuntun hàn wá. Ẹ̀rọ yìí ń gbọ́ ohùn fúnra rẹ̀, ó sì ń kọ ọ́. Iṣẹ́ tiwa ni ká ka ohun tó kọ, ká tún àṣìṣe rẹ̀ ṣe, òun náà á sì máa fi àtúnṣe wa kọ́gbọ́n, tó fi jẹ́ pé ohun tó ṣì lónìí, kò ní ṣì í lọ́la. Mi ò ní purọ́ fún yín, inú mi dùn sí i. Apá ti ń dùn mí nígbà yẹn. Mo sọ fún Kúnlé pé ká ní ọ̀gá Àjàyí rí èyí ni, wọn ì bá fi ìyàlẹ́nu yọ gíláàsì wọn.

Ìgbà tó yá, wọ́n tún gbé òmíràn dé. Àwọ̀n ìmọ̀ ni wọ́n ń pè é. Wọ́n á so nǹkan mọ́ nǹkan: èèyàn mọ́ iṣẹ́ rẹ̀, iṣẹ́ mọ́ àdúgbò, àdúgbò mọ́ ọ̀nà tó dé ibẹ̀. Ká ní ẹnìkan sọ pé òun wọ mọ́tò lọ sí Ìdímù láti Ìyànà Ìpájà, tí etí ẹ̀rọ kò sì mú Ìdímù náà dáadáa, àwọ̀n á sọ fún un pé ìlú tí mọ́tò máa ń ná láti ibẹ̀ nìyí, nìyí, nìyí, ẹ̀rọ á sì mú èyí tó bá ohùn mu. Ó gbọ́n. Èmi fúnra mi wà lára àwọn tó so okùn púpọ̀ nínú rẹ̀, nítorí kò sí igun Àlímọ̀ṣọ́ tí mi ò mọ̀. Ká ní ibẹ̀ yẹn ni wọ́n ti dúró, à bá jọ máa rẹ́rìn-ín lónìí.

Wọn kò dúró. Kúnlé pè wá jọ lọ́jọ́ kan, ó ní àwọn oníbàárà kò fẹ́ rí àyè nínú ìwé mọ́.

"Mọ́mì, tí wọ́n bá rí àyè, wọ́n á ní a ò ṣiṣẹ́ tán ni. Àwọ̀n á máa dí gbogbo ẹ̀. Orúkọ náà, kò ní máa kọ àpèlé mọ́, á máa wá orúkọ gidi fúnra ẹ̀."

"Kúnlé, bí ẹnìkan bá wá sọ pé Bàbá Ìbejì ńkọ́?"

"Àwọ̀n á wo Bàbá Ìbejì tó mọ̀ ní àdúgbò yẹn."

"Àdúgbò wo ní Àlímọ̀ṣọ́ ni Bàbá Ìbejì ò ti tó ogún? Lójúlé mi ní Ìdímù, méjì ni wọ́n."

Ó rẹ́rìn-ín. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀, pé ẹ̀rọ á máa wo ọ̀rọ̀ tó yí i ká kó tó mú. Mo ní ẹ̀rọ kò wà ní ìpàdé. Ó ní, "Mọ́mì mi, ẹ ti tún dé." Wọ́n yọ àyè kúrò. Láti ọjọ́ yẹn, ìwé ìpàdé kò gba ọwọ́ wa kọjá mọ́. Láti inú ẹ̀rọ ló ń lọ tààrà sọ́dọ̀ ẹni tó ni ín.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ọkùnrin kan fi wọlé tọ̀ wá ní ọ́fíìsì, ojú rẹ̀ wú. Ó béèrè pé ta ló ń kọ ìwé ìpàdé onílé àdúgbò àwọn ní Ìjẹ̀gùn. Kúnlé ní ẹ̀rọ ni. Ọkùnrin náà wo yàrá yípo, kò mọ ẹni tí ì bá bá jà. Èmi ni mo fún un ní àga.

Múfútáù lorúkọ rẹ̀. Jórinjórin ni, ó sì bí ìbejì. Nínú ìpàdé onílé wọn, obìnrin kan ti dìde sọ pé ẹnìkan ń ṣí géètì ẹ̀yìn ilé ara rẹ̀ fún àwọn tó ń lọ jí epo lára ọ̀pá tó kọjá lẹ́yìn àdúgbò. Ẹ̀yin tí ẹ bá mọ Ìjẹ̀gùn, ẹ mọ ohun tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ jẹ́ níbẹ̀. Ọ̀pá yẹn ti gbiná rí, ó ti jó ọmọ èèyàn rí, kò sí ẹni tó gbàgbé. Nígbà tí ìwé ìpàdé jáde lórí wọ́sáàpù àdúgbò, orúkọ Múfútáù ni wọ́n kọ síbẹ̀ gbàgàdà. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò tíì mọ́ tán tí àwọn ọ̀dọ́ fi ya wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Wọ́n fi òòlù fọ́ ẹ̀rọ ìjórin rẹ̀, wọ́n dáná sun ohun tó kù. Onílé rẹ̀ ní kó kó ẹrù rẹ̀ jáde. Ìyàwó rẹ̀ ti kó àwọn ìbejì lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀.

"Mọ́mì," ó ní, "ayálégbé ni mí o. Mi ò kì í lọ ìpàdé wọn. Géètì onígéètì ni mò ń jó, èmi ò ní géètì. Ẹ ṣáà bá mi yọ orúkọ mi kúrò níbẹ̀, kí n lè padà sílé mi."

Ohun tó fẹ́ nìyẹn, kò béèrè nǹkan mìíràn. Mo ṣí ohùn ìpàdé náà, mo fi ẹ̀rọ ìgbọ́hùn sí etí. Ketekete ni obìnrin náà sọ ọ́: "Bàbá Ìbejì ló ń ṣí géètì ẹ̀yìn fún wọn." Kò sí ariwo níbẹ̀, ẹ̀rọ gbọ́ ọ dáadáa. Lẹ́yìn náà ni gbogbo ilé ìpàdé dákẹ́, ẹnìkan wúkọ́, alága ní ká bọ́ sórí ọ̀rọ̀ míì. Ó pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ ohùn. Mo mọ irú ìdákẹ́ yẹn. Ẹni tí wọ́n ń sọ jókòó síbẹ̀ ni.

Báwo ni ẹ̀rọ ṣe dé ọ̀dọ̀ Múfútáù? A ti kọ ìpolówó ọjà fún un rí, nínú èyí tó ti ń fọ́nnu pé òun, Bàbá Ìbejì ti Ìjẹ̀gùn, géètì òun kì í dógùn-ún. Àwọ̀n ti so ó pọ̀: Bàbá Ìbejì, Ìjẹ̀gùn, géètì. Nínú gbogbo àwọn tó bí ìbejì ní Ìjẹ̀gùn, òun nìkan ni ẹ̀rọ mọ̀. Nítorí pé ó polówó iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n ṣe fọ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Kúnlé fi ọwọ́ gbá orí mú nígbà tí mo fi hàn án. Ó ní òun á kọ̀wé sí àwọn tó ṣe ẹ̀rọ. Mo ní kó máa kọ̀wé, mo gbé báàgì mi, mo gun ọ̀kadà lọ sí Ìjẹ̀gùn, bí ọ̀gá ṣe kọ́ mi.

Ìyá Ràmá ni wọ́n ń pe obìnrin tó sọ̀rọ̀ ní ìpàdé. Ó ń ṣa ẹ̀wà níwájú ilé nígbà tí mo dé. Mo sọ ẹni tí mo jẹ́, mo wá bi í pé Bàbá Ìbejì wo ló ní lọ́kàn. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí ẹ̀wà.

"Mọ́mì, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé mi wọlé yìí, mi ò pe orúkọ wọn rí."

"O ka ìwé tí wọ́n gbé jáde?"

"Mo kà á. Mo rò pé àwọn ọkùnrin tó wà níbẹ̀ á tún un ṣe. Gbogbo wọn ló mọ ẹni tí mo wí."

"Wọ́n tún un ṣe?"

Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí ṣa ẹ̀wà. Ẹ wò ó, ibí yìí ni inú ti bí mi jù. Ẹ̀rọ kò lójú, kò mọ̀ wọ́n. Àmọ́ àwọn àgbà ìlú jókòó, wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, wọ́n mọ olówó tó ń ṣí géètì. Nígbà tí ìwé jáde tó mú jórinjórin tí kò ní ẹnìkan, ara tù wọ́n. Ìwé ti gbà wọ́n lọ́wọ́ ìtìjú. Adákẹ́ má fọhùn, a kò mọ ti ẹni tí ń ṣe. Àwọn wọ̀nyí, mo mọ ti ẹni tí wọ́n ń ṣe.

Mo sọ fún Ìyá Ràmá pé èmi kò lè fipá mú un, pé ọkùnrin kan àti ìbejì rẹ̀ ló wà níta. Ó ṣa ẹ̀wà náà tán kó tó sọ̀rọ̀. "Ẹ wá sí ìpàdé," ó ní. "Ẹ gbé ẹ̀rọ yín dání."

Mo lọ. Èmi ni mo di fóònù mú. Nígbà tí wọ́n ní kí ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ sọ ọ́, Ìyá Ràmá dìde, ó kúnlẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo ilé, ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìdílé ọkọ rẹ̀. Ó wá ní, "Bàbá Ìbejì tí mo wí, Múfútáù kọ́. Ganíyù ọmọ Salámì ni. Ganíyù ló ń ṣí géètì." Ó pe orúkọ náà lẹ́ẹ̀mejì. Ọkọ rẹ̀ dìde, ó jáde. Ganíyù fúnra rẹ̀ ń wo fìlà rẹ̀ tó wà lórí itan. Alága ní àwọn ti gbọ́. Mo gbé ohùn náà lọ sí Ẹ̀gbẹ́dá bí ẹni gbé ẹyin, mo fi sínú ẹ̀rọ, mo sì jókòó tì í.

Ẹ̀rọ gbọ́ ọ, ó kọ ọ́ dáadáa: Ganíyù ọmọ Salámì. Ojú mi ló ṣe. Lẹ́yìn náà ni àwọ̀n kọjá lórí rẹ̀ láti tún un ṣe, orúkọ Ganíyù sì pòórá, Múfútáù dé síbẹ̀. Mo pariwo pe Kúnlé. Kó tó dé, ìwé ti lọ sọ́dọ̀ akọ̀wé ìpàdé.

"Kí ló dé tó fi ṣe bẹ́ẹ̀?" mo bi í.

Ó wo inú ẹ̀rọ títí. "Mọ́mì, ó rò pé àṣìṣe ni. Ó ti wà nínú àwọ̀n pé Múfútáù ló ń ṣí géètì."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún un?"

"Ìwé ìpàdé tó kọjá."

"Ìwé tí òun fúnra rẹ̀ kọ?"

Kúnlé ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀rọ parọ́ mọ́ èèyàn, ó fi irọ́ náà pamọ́, nígbà tí òtítọ́ dé, ó fi irọ́ tirẹ̀ ṣe ẹlẹ́rìí lé òtítọ́ lọ. Obìnrin kan sì ti fi gbogbo ilé ọkọ rẹ̀ ra ọ̀rọ̀ yẹn. Mo fi ọwọ́ ara mi tún un ṣe, ẹ̀rọ ní àtúnṣe mi kò bá ohun tí òun mọ̀ mu. Mo bú u, mo bú Kúnlé, mo bú ẹni tó bí ẹ̀rọ. Mo gbé báàgì mi, mi ò padà síbẹ̀ mọ́. Bí mo ṣe fẹ̀yìn tì nìyẹn, ẹnikẹ́ni kò ṣe àdúrà fún mi.

Lórí wọ́sáàpù, àwọn èèyàn ń sọ pé ìwé ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, pé òótọ́ ni. Mo fa ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ọ̀gá jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo tẹ ohun tí Ìyá Ràmá sọ bó ṣe sọ ọ́, mo gbé e lọ fún akọ̀wé ìpàdé. Ó ní ìwé ti jáde, pé àwọn kò ní máa yí ìwé padà bí aṣọ. Mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri mọ́ṣáláṣí wọn, wọ́n ya á. Ẹni tó ṣu ló máa ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ganíyù ṣì ni onílé, ó ṣì ń lọ ìpàdé. Ìyá Ràmá wà nínú ilé kan náà, àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀ kì í dáhùn ìkíni rẹ̀. Múfútáù ti kó lọ sí Ìsẹ́yìn. Nígbà tí mo pè é láti sọ gbogbo ohun tí mo ṣe, ó dúpẹ́, ó ní kí n má ṣe wàhálà mọ́.

Kúnlé pè mí lẹ́yìn oṣù díẹ̀. Ó ní wọ́n ti já okùn yẹn nínú àwọ̀n, pé kí n fọkàn balẹ̀, wọ́n ti tún un ṣe. Mo bi í bóyá wọ́n ti dá àyè padà. Ó ní rárá, àwọn oníbàárà kò fẹ́ ẹ.

Torí náà, ẹni tó bá fẹ́ kọ́ṣẹ́ yìí nínú yín, kó kọ́ ọ. Èmi ò sọ pé ẹ̀rọ kò dára. Àmọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí ẹ tó jókòó, ẹ bi wọ́n bóyá ẹ lè fi àyè sílẹ̀ níbi tí ẹ kò bá ti mọ̀. Bí wọ́n bá ní ẹ kò lè ṣe é, ẹ gbé báàgì yín.

Mo kọjá ní Ìjẹ̀gùn ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Láàárín ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ àti ti fọganáísà, níbi tí Múfútáù ti ń jórin, ilẹ̀ ibẹ̀ ṣì dúdú, kò sí ẹni tó fẹ́ gbà á. Àyè tí wọn kò jẹ́ kí n fi sílẹ̀ nínú ìwé, ojú títì ló wà báyìí.